Bí Mo Ṣe Kúnlẹ̀ Kí Ìyá Tó Ya Ọmọ Onígbìn-ín ní Tokyo

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Tokyo yìí, bí mi ò bá sọ ọ́ jáde, inú mi á bẹ́! A ti padà sí Dublin láti ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣì ń pa mí nínú tram bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Àwọn Òyìnbó ti ń rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí dáadáa, ẹ mọ àìsàn mi. Cartoon ni! Cartoon àwọn ará Japan. Primary Three ni mo wà ní Ìbàdàn nígbà tó kọlù mí. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo àgbàlá wa nígbà náà, ti Bàbá Landlord. Bí iná bá ti lè ṣàánú wa nírọ̀lẹ́, gbogbo àwa ọmọ ilé á ti tò sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ rẹ̀.

Eré tí à ń wò ni ti ọmọbìnrin kékeré kan tó ń gun ìgbín onírin ràgàjì kan kiri ayé, tó ń gba àwọn èèyàn sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ìgbín! Àwọn akọni inú cartoon yòókù ń fò lójú ọ̀run, tiwa ń wọ́ nílẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kò dé. A ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Japan, Ọmọ Onígbìn-ín ni tiwa.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ireland, tí wọ́n kó wa sí hostel pé ká máa retí ìwé ìgbélùú, inú ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ni mo ti rí fídíò Ọmọ Onígbìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún nídìí káńtà. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi retí ìwé yẹn, òun ni mo máa ń wò bí ọkàn mi bá fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí ìgbín yìí bá lè dé, èmi náà á dé. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Látìgbà náà ni mo ti ń sọ pé ẹni tó ya àwòrán yìí, mo gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójúkojú kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Lọ́dún yìí ni ọmọ mi obìnrin, Tèmítọ́pẹ́, tó wà ní college, rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn àwọn àwòrán náà ní Tokyo. Ìyá tó yà wọ́n ṣì wà láyé! Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó sì fẹ́ jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti fọwọ́ sí káàdì fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tí ó máa ṣe irú rẹ̀. Ẹ sì má rò pé èèyàn kàn lè dìde kó máa lọ o. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láàárín àwọn tó forúkọ sílẹ̀! Mo gbàdúrà sí i, mo tún fi ààwẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúkọ wa jáde!

Sister Bùkọ́lá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bi mí pé níbo ni mo fẹ́ lọ nígbà ìsinmi mi, ṣé Jerúsálẹ́mù ni. Mo ní rárá, Japan ni. Ó ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Mo ní cartoon. Ó wò mí títí, ó ní òun á máa rántí mi nínú àdúrà.

Ẹ̀yin èèyàn, Tokyo! Ilé ńlá kan wà níbẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè àjà, ohun ìṣeré cartoon nìkan ni wọ́n ń tà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù, tó de táì, tó gbé báàgì iṣẹ́ dání, ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń yan bèbí! Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bi mí pé ìgbà wo ni n ó dàgbà, àṣé ibí ni àwọn èèyàn mi wà!

Ẹ̀rọ kan tún wà tí ẹ ó ju owó wẹ́wẹ́ sí, ẹ ó yí i, bọ́ọ̀lù kékeré kan á já bọ́, ohun ìṣeré á sì wà nínú rẹ̀. Ìgbín ni mò ń wá. Mo yí i títí, ọmọbìnrin náà nìkan ló ń jáde, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn! Tọ́pẹ́ ló fà mí kúrò nídìí rẹ̀. “Ah Mammy, come on, you're making a show of me!” Ó ní mo ń dójú ti òun. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bá a sọ ọ́, English àwọn ọmọ Tallaght, àdúgbò kan ní Dublin níbí, ni ẹ ó gbọ́ padà.

Ọjọ́ pé. Mo ti há gbólóhùn Japanese kan sórí, èyí tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ yín gbé mi ró, ẹ ṣeun gan-an. Mo ń pè é bí mo bá ń fọ abọ́, mo ń pè é bí mo bá ń to ẹrù sínú press, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù, ní kíṣìnnì mi. Òṣìṣẹ́ kan tó gbọ́ English ṣàlàyé òfin fún wa lórí ìlà: ká má fọwọ́ kan Ìyá, ká má ya fọ́tò, ká sọ ohun tí a bá fẹ́ sọ ní kíákíá, ká sì yà fún ẹlòmíì.

Ó kàn mí. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá àgbà kan, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́yìn tábìlì. Ẹ̀yin ará, mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀!

Ṣé ẹ̀bi mi ni? Ta ló máa rí àgbà tó tó bẹ́ẹ̀ tó máa dúró gbọnin sí i lójú? Mo kúnlẹ̀, mo tún tẹrí ba dáadáa.

Gbogbo gbọ̀ngàn náà yíjú sí mi. Àṣé lọ́dọ̀ tiwọn, èèyàn á wà lórí ìdúró tẹrí ba díẹ̀ láti kíni ni. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló ṣẹ̀, àforíjì ló ń tọrọ! Àwọn òṣìṣẹ́ sáré dé. Èyí tó gbọ́ English bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí ni mo ṣe, àbí mo ti ba àwòrán kankan jẹ́ ni?

Kí n tó dáhùn, Ìyá ti àga sẹ́yìn, ó yípo tábìlì wá, òun náà kúnlẹ̀ níwájú mi!

Èèwọ̀! Kí àgbà kúnlẹ̀ fún mi kẹ̀? Mo tún rẹlẹ̀ sí i. Òun náà rẹlẹ̀ sí i. Bí mo ṣe ń lọ sílẹ̀ lòun náà ń tẹ̀ lé mi, iwájú orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn! Gbólóhùn Japanese mi ńkọ́? Kò sí lórí mi mọ́, pátápátá. Mo ní yéè, mo ti bà á jẹ́, wọ́n á lé mi jáde láìdúpẹ́.

Mo rò pé Tọ́pẹ́ á ti sá lọ nítorí ìtìjú. Àfi bí mo ṣe rí i tó sọ báàgì rẹ̀ sílẹ̀, tó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó sọ fún òṣìṣẹ́ náà pé, “She's grand, she didn't do anything. That's just how we say hello to our elders, like.”

Ọkùnrin náà túmọ̀ rẹ̀. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu, ó bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo gbọ̀ngàn náà bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́!

Ni mo bá ní kí ló dé tí mo ń wá Japanese kiri? Mo fi Yorùbá dúpẹ́. “Ẹ ṣé, Mà. Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mi ò ní ẹnì kan ní hostel, ìgbín yín ló ń bá mi gbé. Olúwa á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ ò ní fi ọwọ́ tí ẹ fi yà á nu omijé. Ẹ ó jèrè iṣẹ́ yín.” Tọ́pẹ́ ń ṣe àmín, ó ń sọ ọ́ ní English, ọkùnrin náà ń sọ ọ́ ní Japanese. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Ìyá náà mọ ibi tí àmín ń bọ́ sí, ó ń bá wa ṣe é!

Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ fa Ìyá lápá dìde, mo ní kí wọ́n rọra. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, èmi ni mo gbé e dìde. Òfin ẹ má fọwọ́ kàn án ti wọgbó.

Kò jẹ́ kí n lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gba ẹnu ọkùnrin náà bi mí pé ibo la ti ń wò ó? Mo ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀ Bàbá Landlord, ní Ìbàdàn. Ó ní nígbà tí òun yà á, àwọn ọ̀gá òun ní ìgbín ti lọ́ra jù, pé kò sí ọmọ tó máa ní sùúrù fún un. Ó wá tẹrí ba fún mi, ó ní òun náà fẹ́ dúpẹ́, pé ẹ ṣeun tí ẹ dúró dè é. Omijé ni mo fi dáhùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé bí ẹnì kan bá ti mú inú yín dùn rí, ẹ wá a lọ kó tó pẹ́ jù, kódà kí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ta ló wà lọ́kàn tiyín? Ṣé ẹ ti bá ẹni tí ẹ fẹ́ràn láti kékeré pàdé rí, kí lẹ sì ṣe lójú rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, n ó ka gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì pòórá mọ́ yín lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ẹ má mikàn. Ẹ ṣáà kúnlẹ̀, Ọlọ́run á rán ògbufọ̀ sí yín!