Ojú Bàbá Mi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Badarawa nílẹ̀ Hausa, kó tó di pé tọmọdé tàgbà ń ya fídíò sínú fóònù, kásẹ́ẹ̀tì dúdú kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ̀yin tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí irú rẹ̀. Ìkómọjáde àbúrò mi Táyọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kí bàbá mi tó ki ọmọ tuntun, èmi Dúpẹ́ tí mo ti wà nílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kì, kí n má baà rò pé wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò mi. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nílé wọn nìyẹn. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, bàbá mi kú.

Mọ́mì kì í lè wo kásẹ́ẹ̀tì náà. Èmi ni mo máa ń jí i wò. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, mo á gbálẹ̀, mo á pọn omi, mo á ra kósáì, àkàrà àwọn Hausa, lọ́wọ́ Hájíà ìta wa. Bí iná bá wà, tí Mọ́mì kò sì tíì ti ọjà dé, mo á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ. Mo á wá ibi tí bàbá mi ti kọjú sí wa tí wọ́n ki oríkì mi pé, "Àbẹ̀kẹ́ mi," mo á sì tẹ bọ́tìnì kí wọ́n dúró. Ojú wọn á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi á máa jẹ kósáì mi, mo á máa ròyìn ilé ìwé fún wọn. Ojoojúmọ́ ni, títí ẹ̀rọ fídíò wa fi bàjẹ́.

Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ àwọn káwọn tó lọ. Ara wọn kò yá rárá. Ẹ̀rọ síídì nìkan ló wà lọ́dọ̀ wọn, ni Mọ́mì bá gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Ráṣídì ní Doka, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, tí wọ́n máa ń kọ fídíò sínú síídì.

Síídì àkọ́kọ́ dé. Pásítọ̀ gbàdúrà, a rí i. Wọ́n tọ́ oyin wò, a rí i. Bó ṣe kan bàbá mi báyìí, àwòrán fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tó já bọ́, ohùn ń já, ó sì dákẹ́. Bọ̀dá Ráṣídì ní síídì ayédèrú ni, wọ́n ra òmíì. Ibẹ̀ náà ló tún fọ́. Wọ́n ní bóyá àwọn ló kọ ọ́ yára jù, wọ́n dín eré rẹ̀ kù. Ibẹ̀ náà ni. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ aládùúgbò, ibẹ̀ náà ni. Mọ́mì bú sẹ́kún, wọ́n ní bóyá bàbá mi kò fẹ́ ká rí àwọn mọ́ ni.

Nígbà tí èmi àti Mọ́mì padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, Bọ̀dá Ráṣídì ṣí ìdérí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n na okùn inú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀.

"Haba, Ìyá Dúpẹ́! Ẹjọ́ síídì kọ́. Ẹnìkan ló máa ń dá a dúró síbí. Bó bá ti dúró sójú kan, ẹ̀rọ á máa họ ọ́ ni. Wàláhì, ó ti họ tán."

Mọ́mì wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, mo ń retí ìgbájú. Lọ́kàn mi, mo ti pa bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ìgbájú kò dé. Mọ́mì kàn béèrè pé, "Kí lo máa ń bá wọn sọ?"

Mo ní, "Máàkì ìṣirò mi."

Wọ́n fà mí mọ́ra, a jọ sunkún nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù.

Bọ̀dá Ráṣídì ní bí a kò bá rí àdán, òòbẹ̀ la fi ń ṣẹbọ. Wọ́n ṣàlàyé fún wa pé àárín okùn ni àwòrán wà, etí rẹ̀ ni ohùn wà, etí yẹn kò sì họ, àwòrán tó bàjẹ́ ló kàn ń gé e. Wọ́n yọ ohùn náà lọ́tọ̀, wọ́n wá fi fọ́tò bàbá mi kan dí ibi tí àwòrán ti bàjẹ́.

Títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń ronú ohun tí mo máa sọ, torí fọ́tò tí kò lè mira ni Ìyá Àgbà máa bá níbẹ̀. Àṣé ojú wọn kò ríran mọ́, wọn kò kàn fẹ́ ká gbọ́ ni. Bí ohùn náà ṣe ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi," wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n ń wá a kiri nínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń pe oríkì ọmọ wọn:

"Àkànní, ṣé o ti jẹun?"

Mọ́mì di ọwọ́ wọn mú.

Lóde òní, fídíò pọ̀ nínú fóònù àwọn ọmọ mi, wọn kì í sì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n lè dá a dúró láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tó máa họ. Èmi náà ti gbé síídì yẹn sínú fóònù tèmi. Lọ́jọ́ kan, àbíkẹ́yìn mi wò ó títí dé ibi fọ́tò náà, ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí Bàbá Àgbà kò mira?"

Mo ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró."