Wọn Kò Bi Ìyá Mi Léèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà ní Arimogija kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá mi lọ sóko kòkó. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kó dùn. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi.

Jẹjẹrẹ ọyàn ló gbé ìyá mi dé ọsibítù kan ní Ọ̀wọ̀. Bàbá mi ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló tẹ̀ lé wa láti fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé wa: opó kì í fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ tí àgbà ọkùnrin bá wà nílé ọkọ.

Dókítà pe Bàbá Àgbà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo gbé fúláàsì omi gbígbóná dání. Dókítà ní ọyàn òsì gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. Ó ní àwọn kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n lè gé e, kí wọ́n sì fi ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ mọ òmíràn sípò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kó tó jí. Ó ní ara ìyá mi ṣì le, àìsàn náà kò sì tíì tàn kálẹ̀. Bó bá fẹ́, òun lè kọ lẹ́tà sí wọn níbẹ̀.

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ọmọ márùn-ún ló ti mu ọyàn yẹn. Kí ló tún fẹ́ fi ṣe? Àbí ó fẹ́ lọ́kọ míì ni?"

Dókítà náà bá a rẹ́rìn-ín.

"Epo mọ́tò gan-an ò sí. Ẹ gé e níbí, ó tán." Bàbá Àgbà gba bírò, ó fọwọ́ síwèé.

Ìyá mi ò tíì pé ọdún márùnlélógójì. Ibùsùn rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ síbi tí wọ́n ti ń fi àyà rẹ̀ ṣe àwàdà. Èmi náà dákẹ́. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, wọ́n sì máa ń yìn mí pé mo ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo kórìíra ìyìn yẹn títí dòní.

Nírọ̀lẹ́, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Ó gbé ife ẹ̀kọ mímu sílẹ̀.

"Ta ni wọ́n bi?"

"Bàbá Àgbà, Màmá."

"Ṣé àyà tiẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé ni?"

Obìnrin orí ibùsùn kejì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé tiẹ̀ náà kún un!"

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. "Bóyá màá ní mi ò fẹ́. Bóyá ẹ̀rù Ìbàdàn á bà mí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Ìwọ tó o dúró níbẹ̀, o ò lè sọ fún wọn pé ìyá rẹ ò tíì kú?"

Ọ̀túnla ni wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ náà. Ìyá mi kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí Bàbá Àgbà tó dé, mo bá ìyá mi bọ́jú, mo wọ bùbá tó mọ́ fún un, mo sì dì í lọ́wọ́ mú lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí dókítà fi dé. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìyá mi nìyí. Àwọn ni kẹ́ ẹ bi."