Kókó Méjì Lórí Abọ́ Oúnjẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Jọ́ọ̀sì níbí, kò sí ẹni tí ìyá mi kì í fura sí. Ó ń fura sí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jù, ó ń fura sí ẹni tí kì í rẹ́rìn-ín rárá. Bí aládùúgbò bá kí i láàárọ̀, tó tún padà wá kí i lọ́sàn-án, á ní kí ló ń wá? Ìfura loògùn àgbà, ti ìyá mi ti kọjá oògùn, oúnjẹ àárọ̀ ló fi ń ṣe. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èkìtì ni àwọn òbí mi ti wá, iṣẹ́ akọ̀wé níbi ìwakùsà ló gbé bàbá mi dé orí òkè yìí. Ìyá mi ní ẹni tó wà nílùú onílùú tí kò fura, onítọ̀hún ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ sùn.

Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa kò jìnnà sí ojú irin. Ọmọ Bírọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ọmọ Haúsá, ọmọ Ìgbò, àwa ọmọ Yorùbá, àti àwọn tí a ò tiẹ̀ mọ ibi tí bàbá wọn ti wá. Haúsá la jọ ń sọ lórí pápá, bí a bá délé ni olúkúlùkù ń padà sí tirẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, òtútù á mú wa débi tí eyín á máa gbá eyín. A ó to ara wa mọ́ ògiri níbi tí oòrùn àárọ̀ ń kọ́kọ́ dé, ọmọ tó ní súẹ́tà á fa èyí tí kò ní mọ́ra. A jọ ń pọn omi kíláàsì, a jọ ń gbálẹ̀, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Oúnjẹ ló dá wàhálà sílẹ̀.

Obìnrin Èkìtì bíi ti ìyá mi ni tísà tó ń kọ́ wa ní kíláàsì kẹrin. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní òfin kan. Bí a bá ti dé láàárọ̀, kí olúkúlùkù gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì gígùn tó wà lẹ́yìn kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí tirẹ̀ wò. Tí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, á ní ká jáde lọ fọwọ́ nídìí pọ́ǹpù, ká tò, ká sì kọ orin àdúrà oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní gbogbo àsìkò yẹn, òun nìkan ló wà nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ti fèrèsé. Ìgbà tó bá ṣílẹ̀kùn la tó lè wọlé lọ gbé abọ́ wa.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àgbàlagbà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ orí oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ, kí lẹ máa rò?

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nílé. Ọ̀kan ní ẹran òun kì í pé mọ́, òmíràn ní bí ìyá òun ṣe ń bu ìrẹsì kún abọ́ tó, kì í kún mọ́ tó bá di ìsinmi. Ọ̀rọ̀ náà dé ìdí ẹ̀rọ omi àdúgbò. Ìyá kan ní òun ò rí i rí kí tísà yẹn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá síléèwé. Ìyàwó alápatà, obìnrin Haúsá tí ohùn rẹ̀ máa ń dé òpópónà kejì, ní bóyá kì í tiẹ̀ ṣe pé ó ń jẹ ẹ́, bóyá nǹkan ló ń fi sí i.

Ìyá mi ń gbọ́, kò sọ nǹkan kan. Ẹ sì ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ohun tó pa á lẹ́nu mọ́ ni pé oúnjẹ àwọn ọmọ yòókù ń dín, ti ọmọ tirẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Iṣẹ́ ìwakùsà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, bàbá mi ti ń jókòó sílé. Èmi ò mọ̀ pé ìyà ń jẹ wá, torí ìyá mi mọ bí wọ́n ṣe ń bo ìṣẹ́ láṣọ. Láràárọ̀ á gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́, á ti fi aṣọ pupa kan dì í, á sì ta á ní kókó méjì tó le koko. Á ní kí n gba ojú ọ̀nà tí èèyàn pọ̀ sí. Mi ò mọ̀ pé ẹyọ ànàmọ́ bíbọ̀ kan péré ló ń fi síbẹ̀. Tí mo bá tú u níléèwé, ìrẹsì ni mo máa ń bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ànàmọ́ náà, tàbí ẹ̀wà, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹran, mo sì gbà pé ìyá mi ló sè é. Lọ́jọ́ kan mo délé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ìrẹsì òní dùn gan-an."

Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú. Ó bi mí pé kókó mélòó ni mo bá lórí aṣọ náà níléèwé, mo ní kókó kan péré ni. Ó bi mí pé ta ló fún mi lóúnjẹ, mo ní òun ni. Ó tún bi mí, mo tún dáhùn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó rò pé ẹnì kan fẹ́ fi oúnjẹ gba ọmọ lọ́wọ́ òun, ó gbàdúrà sí mi lórí títí orí fi ń fọ́ mi. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ìyá nídìí ẹ̀rọ, ìfura rẹ̀ yí padà. Ó pè mí sẹ́yìnkùlé, ó lóṣòó kí ojú wa lè ṣe déédéé.

"Ṣé ìwọ lò ń jí oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ?"

Ó dùn mí wọnú egungun. Mo sunkún, mo búra. Inú òun náà ò dùn, torí ó ti há. Bó bá fẹ́ wẹ̀ mí mọ́ lójú àwọn ìyá, àfi kó sọ ohun tó ń fi ránṣẹ́ síléèwé. Kí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ lólè, tàbí kí wọ́n mọ̀ pé ebi ń pa ilé rẹ̀, kò mọ èyí tó sàn.

Àwọn ìyá fẹjọ́ tísà sun ọ̀gá iléèwé, ọ̀gá ní kí wọ́n wá lásìkò ìsinmi kí àwọn jọ ká a mọ́bẹ̀. Ìyá mi bá wọn wá, torí ẹni tí kò bá wá ni wọ́n máa fura sí. A wà nídìí pọ́ǹpù nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọlé. Orin dá mọ́ wa lẹ́nu, èmi sì sá tẹ̀lé ìyá mi. Tísà rèé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, àwọn abọ́ wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀, àfi aṣọ pupa tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì padà.

Ọ̀gá ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan na ọwọ́ sí abọ́ ọmọ rẹ̀, kó sọ ohun tó fi sí i láàárọ̀. Ìyàwó alápatà kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ó ní ìrẹsì àti ẹran tó kún dẹ́nu. Wọ́n wò ó, kò kún dẹ́nu mọ́. Ó wá kan aṣọ pupa. Bí ọ̀gá ṣe fẹ́ fọwọ́ kàn án, tísà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, sà. Èmi ni mò ń jẹ oúnjẹ wọn."

Ọ̀gá ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀. Mo gbójú sókè wo ìyá mi. Tó bá ti dákẹ́, ó parí nìyẹn: olè ti jẹ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ti bọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ nǹkan ilé rẹ̀. Ìyá tí mo mọ̀, á dákẹ́.

"Irọ́ ló ń pa, sà," ìyá mi ní. "Ẹyọ ànàmọ́ kan ni mo fi sínú abọ́ ọmọ mi láàárọ̀. Ẹ tú u."

Wọ́n tú u. Ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹ̀wà díẹ̀, àti ègé ẹran kan. Ànàmọ́ wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n wá rí i pé kì í ṣe abọ́ tèmi nìkan ni tísà ti bu oúnjẹ ọmọ mìíràn kún. Ìyàwó alápatà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Haba, màláàmá. Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Bí mo bá sọ," tísà ní, "ẹ máa bi mí pé ọmọ ta ni."

Ọ̀gá ò tún dárúkọ ẹrù kíkó mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó alápatà gbé àwo ńlá kan tó fẹ̀ wá láti ilé, a sì ń da gbogbo oúnjẹ pọ̀ sórí rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ìyá ló fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn kan kọ̀, ọmọ wọn ń lọ jẹun nílé. Tísà àti ìyá mi ò sì di ọ̀rẹ́. Ìyá mi ní ẹni tó lè parọ́ tí ojú rẹ̀ ò yẹ̀ báyẹn, ó yẹ ká máa ṣọ́ ọ.

Ayé ti yí báyìí. Wàhálà ti dé sí ìlú yìí lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tó jọ ń jẹun lórí àwo yẹn ti pín sí àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lamingo ni mò ń gbé báyìí, bí mo bá sì lọ ra ọjà ní Farin Gada, mo máa ń wo ojú obìnrin ẹgbẹ́ mi, òun náà á máa wò mí, kálukú á di báàgì rẹ̀ mú. Bóyá ìyá rẹ̀ ló se ìrẹsì yẹn. Mi ò ní mọ̀ láé.

Èmi náà ti wá di ìyá mi. Èmi ni mò ń di abọ́ oúnjẹ ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ní kókó méjì tó le koko, mo sì ń kìlọ̀ fún un pé kó má jẹ nǹkan ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan láìpẹ́ yìí ó gbé e dé, mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tí a ò sè nílé wa. Mo bi í pé ta ló fún un. Haúsá ló fi dá mi lóhùn, pé kò sẹ́ni tó fún òun, ó ní ọmọ kan tí àwọn jọ ń jókòó ní kíláàsì ni, kì í gbé oúnjẹ wá tẹ́lẹ̀, tòun làwọn jọ ń jẹ, ọjọ́ yẹn ló gbé tirẹ̀ wá, ló bá ní kí àwọn pín in.

Ẹnu mi ti là láti bi í pé ọmọ ta ni. Mo pa á dé. Mo fọ abọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo bu oúnjẹ tó ju ti ọmọ kan lọ sí i, mo sì ta kókó kan péré lórí rẹ̀, kó má baà le jù fún ẹni tó máa bá a tú u.