Ilé Tí Omi Kùn Lọ́dà

Ẹ fa àga yín súnmọ́ ibí, ẹ jókòó. Ẹni tí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbé e sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ kì í sá lọ, ọ̀rọ̀ àgbà ló máa ń sá. Mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ṣe wá ilé ní erékùṣù kan tí ènìyàn lè rìn yí ká kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná, tí mo sì ṣi ilé yàn níbẹ̀, èmi tí mo ń pe ara mi ní olùkọ́ ìṣirò.

Mo rántí ìgbà tí nǹkan le. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí pẹ̀lú mi. Ìgbà yẹn ni wàrà alágolo kúrò lórí tábìlì, tí ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí à ń fi ọ̀bẹ gé wẹ́wẹ́ bí ẹran ọdún. Ẹnìkan wà ní àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ tí kò rí táyà rà sí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ó bá kó adìẹ sínú rẹ̀. Bí a bá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àkùkọ á yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí wa. Yàrá kan àti pálọ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì. Kété lẹ́yìn Kérésì ọdún kan ni lẹ́tà dé pé kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní erékùṣù kan lọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ Ìgbókọ̀dá, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bẹ̀bẹ̀ ṣáájú mi, iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ká lẹ́tà náà sápò, mo gba Oǹdó lọ láti sọ fún ìyá ìyàwó mi.

Ìyá ìyàwó mi kì í ṣe obìnrin tí à ń já ọ̀rọ̀ lù lójijì. Opó ni, ó ní oko kòkó tirẹ̀, àgbà sì ni nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Odò ti gbé àbúrò rẹ̀ kan lọ nígbà èwe wọn. A kì í dárúkọ ọmọ náà níwájú rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá sórí ẹní. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, kò dá ẹsẹ̀ dúró.

“Erékùṣù,” ó ní. “Ṣé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lé igi lórí nínú omi yẹn?”

“Ibẹ̀ ni, Mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀ wà níbẹ̀.”

“Wọ́n ní. Ìwọ rí i?”

“Rárá, Mà.”

Ó wá dúró wàyí. “Orí ilẹ̀ la ti fà á lé ọ lọ́wọ́. Ọmọ mi kò ní máa sùn lójú omi bí ojúoró. Bí o bá rí ilé lórí ilẹ̀, wá kó wọn. Bí o kò bá rí, ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ mi níbí, kí ìwọ máa wá wò wọ́n nígbà ọlidé.”

Ó ní kí wọ́n gbé Bíbélì òun wá. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo ṣèlérí lójú ẹbí pé orí ilẹ̀ ni wọn yóò máa sùn. Èmi tí n kò tíì fojú kan erékùṣù náà! Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí bí a ṣe ń wo ẹni tó ń gun igi tí kò mọ̀. Àwọn àgbà sọ pé ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a.

Àsìkò ọyẹ́ ni mo débẹ̀. Omi ti sá sẹ́yìn, yanrìn funfun báláú, gbogbo ibẹ̀ gbẹ bí ẹní ìsákòkó. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mú mi lọ wo ilé méjì. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹja, Màmá Ẹlẹ́ja ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òpó igi ni wọ́n rì sínú omi, wọ́n tẹ́ pákó lé e, ilé wà lórí pákó. Yàrá méjì tó mọ́ tónítóní ló fẹ́ fún mi, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí àlejò tó mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n mo rí omi tó ń dán láàárín pákó méjì, mo sì yára fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn.

Èkejì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní àárín gbùngbùn erékùṣù. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ọ, kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dúdú bí ilẹ̀ oko. Ohun tó wọ̀ mí lójú jù ni ọ̀dà ara ògiri. Ní Àkúrẹ́ nígbà náà, onílé tó bá lajú máa ń fi ọ̀dà tó dúdú díẹ̀ kun ìsàlẹ̀ ògiri dé ìbàdí, kí ìdọ̀tí ọwọ́ ọmọdé má baà hàn. Ilé yìí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ìsàlẹ̀ ògiri pọ́n bí amọ̀, òkè rẹ̀ funfun, ìlà tó pín wọn sì lọ gbọọrọ yí ilé po, nínú àti lóde. Mo tilẹ̀ yọ rúlà, mo fi wọn ìlà náà. Kò yẹ̀ níbì kankan. Mo ní akunlé tó ṣiṣẹ́ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wú ikọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ìlérí mi fún un, ó bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì. Màmá Ẹlẹ́ja ní tirẹ̀ kò gbé nǹkan kan mì.

“Tísà, ẹ ti rí ilé?”

“Mo ti rí, Màmá. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Wọ́n tilẹ̀ ti kùn ún lọ́dà.”

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Omi ló kùn ún, Tísà. N kò tíì rí ẹni tó gbé ibẹ̀ rékọjá òjò kan.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn mi pé ọlọ́jà kì í yin ọjà ẹni tí wọ́n jọ pàtẹ.

“Ó dáa,” ó ní. “Ilé tèmi lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn. Ẹ ó bá a níbí.”

Mo kó ìyàwó àti ọmọ wá. A kọ ebè lẹ́yìnkùlé, a gbin iṣu, kókò àti ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ sì ń dàgbà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo kọ lẹ́tà sí Oǹdó, mo fi ìgbéraga kún un bí iyọ̀: ilẹ̀ dúdú, ògiri búlọ́ọ̀kù, ọ̀dà oríṣi méjì. Ìyá ìyàwó mi kò fèsì. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, òun fúnra rẹ̀ ló dìde wá pẹ̀lú iṣu mẹ́fà lẹ́bùn. Wọ́n ní láti Ìgbókọ̀dá títí dé èbúté wa, ó di ojú rẹ̀ pa nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì, ó sì di ọwọ́ ẹni tó jókòó tì í mú, ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó wọlé wa, ó fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Ilẹ̀ ni,” ó ní. Ó wo ògiri, ó ní ọkọ ọmọ òun gbìyànjú. Orí mi wú.

Ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn, òjò kò sì rọ̀ láti àná, omi dé. Kò pariwo. Abẹ́ ilẹ̀kùn ló gbà wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń padà sílé ara rẹ̀. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dé orúnkún. A gbé àwọn ọmọ sórí tábìlì. Ìyá ìyàwó mi gun orí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú iṣu tuntun rẹ̀ mẹ́fà, ó di ojú rẹ̀ pa. Èmi ń wo ògiri. Omi náà ń gòkè, ó ń gòkè, ó dé ibi ìlà ọ̀dà, ó dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí débi pé mo gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ìgbà náà la gbọ́ ohùn lóde. Màmá Ẹlẹ́ja ti wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá lórí ebè iṣu wa, ó wà lójú fèrèsé.

“Tísà, ẹ gbé àwọn ọmọ fún mi. Ẹ wò ó dáadáa o, ọ̀dà yẹn ṣì tutù!”

Ó kó gbogbo wa. Nígbà tí a dé abẹ́ ilé rẹ̀, ìyàwó mi gbé àwọn ọmọ gun àkàsọ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ̀, ó jókòó pa sínú ọkọ̀.

“Mo ti sọ ọ́,” ó ní. “Ọmọ mi kò ní sùn lórí omi.”

“Ìyá Oǹdó,” ni Màmá Ẹlẹ́ja dá a lóhùn, “ibo lẹ jókòó sí báyìí?”

Ìyàwó mi, tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ ilé yìí láti Oǹdó, bojú wolẹ̀ láti òkè. “Ìyá mi, ẹ fi ilẹ̀ yàn fún mi, ọkọ mi fi ọ̀dà yàn fún mi. Èmi náà ti yàn báyìí. Ibi tó gbẹ ni mo wà. Ẹ máa bọ̀.”

Ìyá rẹ̀ di àkàsọ̀ mú, ó gòkè. Màmá Ẹlẹ́ja gbé púpurú, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti ọbẹ̀ ẹja fún wa. Bí ìyá ìyàwó mi ti ń jẹun ni ojú rẹ̀ lọ sí ààrò. Ẹ mọ̀ pé iná kò ṣeé dá lórí pákó. Àpótí ńlá kan tí wọ́n rọ amọ̀ kún ni wọ́n gbé ààrò lé.

“Níbo lẹ ti rí ilẹ̀ yìí?”

“Òkè, níbi tí omi kì í dé, ló ti wá. Ọkọ mi ló fi ọkọ̀ gbé e wá lọ́dún tí a kọ́lé.”

Ìyá ìyàwó mi dìde. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé amọ̀ náà, níbi tí iná kò sí. Ó wá yíjú sí mi.

“Ilẹ̀ rèé. Ẹni tó bá sùn nílé tí ààrò yìí wà, orí ilẹ̀ ló sùn.”

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Èmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, mo sì ń rí omi lábẹ́ imú mi, kò sì bà mí lẹ́rù mọ́.

Ọdún mẹ́fà la lò nínú ilé náà, ibẹ̀ la sì bí ọmọ wa kẹta sí. Lọ́dọọdún ni ìyá ìyàwó mi ń bu ilẹ̀ oko kòkó rẹ̀ sínú àpò, tó ń gbé e wá láti tún ààrò ṣe. Bí awakọ̀ bá bi í pé, “Màmá, kí lẹ dì tó wúwo báyìí?” á ní, “Ilẹ̀ ọmọ mi ni.”

Mo dúpẹ́ fún ìgbà líle yẹn. Ká ní nǹkan dẹ̀ ni, n bá ti bẹ̀bẹ̀ jókòó sí Àkúrẹ́ ni, n kì bá tí mọ̀ pé ẹni tó bá sọ òótọ́ fún ni lẹ́ẹ̀kan, tí a fi ṣe ẹ̀rín, ṣì lè wa ọkọ̀ wá gbé ni. Àwọn akunlé wá bá mi níhìn-ín ní Àkúrẹ́ lẹ́nu ọdún tó kọjá, wọ́n ní ṣé kí àwọn fi ọ̀dà dúdú sí ìsàlẹ̀ ògiri. Mo ní rárá o, ẹ fi ọ̀dà kan ṣoṣo kùn ún láti òkè délẹ̀.

Nígbà tí Màmá Ẹlẹ́ja papò dà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gba ọkọ̀ àti àwọ̀n, àwọn obìnrin pín agbọ̀n àti àtẹ ìyanja láàárín ara wọn. Ó ti fi sílẹ̀ pé kí wọ́n bu abọ́ amọ̀ kan láti inú ààrò fún ìyàwó Tísà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Àkúrẹ́ ló wà, ewúro tí ẹ̀ ń já jẹ yẹn, orí rẹ̀ ló hù sí. Ọmọ wa kẹta ti sọ pé òun kò bá ẹnikẹ́ni du ilé, ìdí ewúro yẹn ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún òun. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi náà sùn ní Oǹdó, àwọn ọmọ rẹ̀ pín oko kòkó. Bíbélì ni wọ́n gbé fún mi. Mo ṣí i délé, mo bá ohun tó fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀yìn ìwé náà: “Ọkọ ọmọ mi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.”