Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ "fast" fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́jà Atakpamé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí. Mo ti dá a sọ fún ara mi títí, inú mi ò tíì yé dùn!

Ẹ mọ̀ pé aṣọ ni mò ń tà níbí, l'Átakpamé, ní Tógò. Obìnrin kan tó ni ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì lórí òkè wá bá mi fún aṣọ búlúù tó fẹ́ fi rán yunifọ́ọ̀mù fún gbogbo ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Màdáámù la máa ń pè é. Ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò níbí ni, láti abúlé kan nítòsí Glei. Ó ń sọ Ifẹ̀, mò ń sọ Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ mi, níbi tí kò bá ti yé wa, Faransé á gbà wá.

A ti fẹnu kò tán. Àfi bí akọ̀wé rẹ̀, Mùsíọ̀ Kojó, ṣe rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí aṣọ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì: "Fast colour." Ó fa fóònù yọ, ó tẹ "fast" sí i. Fóònù dá a lóhùn pé "rapide", ìyẹn ohun tó yára. Ló bá yíjú sí ọ̀gá rẹ̀, ó ní aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń yára bọ́ nìyí, àwọn tó ṣe é gan-an ti kọ ọ́ sí i lára.

Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa ń kọ àléébù ọjà rẹ̀ sára ọjà? Àmọ́ kí n tó ronú débẹ̀, ọkàn wọn ti yí padà. Màdáámù rọra gbé aṣọ náà sílẹ̀, ó ní òun á padà wá. Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí "màá padà wá" túmọ̀ sí!

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti kárí ọjà. Oníbàárà mi kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ ìyá mi kí n tó gba ìsọ̀ wá dá aṣọ tirẹ̀ padà. Ìyẹn dùn mí wọra.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sí ìsọ̀, ààwẹ̀ mú kí ẹnu mi gbẹ, ni mo bá rántí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ kíláàsì wa kan bi í nígbà náà pé kí ló pa ààwẹ̀ àti eré sísá pọ̀, táwọn òyìnbó fi ń pe méjèèjì ní "fast". Tíṣà ṣàlàyé tó yé gbogbo wa. Bí mo ṣe dìde nìyẹn. Mo gé nínú aṣọ náà, mo mú ọṣẹ, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé-ìwé Màdáámù.

Mo bá òun àti akọ̀wé rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo kí wọn, mo wá ní: "Mùsíọ̀, fóònù yín ò purọ́. Àmọ́ ìtumọ̀ kan péré ló sọ fún yín."

Mo ní látìbẹ̀rẹ̀, ohun tó dúró ṣinṣin, tí kò yẹ̀, ni wọ́n ń pè ní "fast". Ẹni tó gbààwẹ̀ di àṣẹ Ọlọ́run mú ṣinṣin. Ẹni tó ń sáré tagbáratagbára, tí kò dẹwọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú "fast" tó jẹ́ ti eré sísá. Ọmọ tó bá sùn fọnfọn ńkọ́? "Fast asleep" ni wọ́n ń pè é. Ṣé ọmọ náà ń sáré lójú oorun ni? Màdáámù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní àwọ̀ aṣọ yìí náà nìyẹn, ó di aṣọ mú, kò ní bọ́.

Mùsíọ̀ Kojó ní ọ̀rọ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló máa fi òótọ́ hàn. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn! Mo ní kó yọ háńkáṣíìfù funfun tó wà lápò rẹ̀. Mo jù ú sínú omi gbígbóná tí wọ́n gbé fún mi ní àgbàlá, pẹ̀lú aṣọ búlúù náà, mo fi ọṣẹ sí i, mo fọ̀ ọ́ nínú oòrùn títí apá fi ń ro mí. Àwọn olùkọ́ ti yí wa ká. Nígbà tí mo tú háńkáṣíìfù náà sílẹ̀, funfun báláú ni!

Mùsíọ̀ Kojó gba háńkáṣíìfù rẹ̀, ó wá ní: "Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo kánjú."

Màdáámù gba gbogbo aṣọ náà. Ó tún ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ "fast" fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mi ò kàwé kọjá kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì! Mo wọlé, gbogbo kíláàsì dìde fún mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "fast" gàdàgbà sójú pátákó.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìmọ̀ kì í ṣòfò, bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó mọ ìdajì ọ̀rọ̀ pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo ló ti dá wàhálà sílẹ̀ fún yín rí torí pé ó ní ìtumọ̀ púpọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.