Bí Wọ́n Ṣe Fẹ́ Tún Mi Bí ní Glei

Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni mí nígbà tí dírẹ́bà kan sọ fún mi pé òun fẹ́ kí wọ́n tún mi bí. A wà ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Glei, ní apá ìsàlẹ̀ Atakpamé, mo ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ kan. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ìbí ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ní ìrora, pé ìwé lásán ni.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan ní Togo nígbà náà. Ìlú mi wà ní Òkè Ògùn, ní Nàìjíríà. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe níbẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà, ìyàwó mi ló sì máa ń jókòó gbọ́ mi bí mo bá ń ka ìwé mi sókè nílé. A kò bímọ. Nígbà tó kú, mo gbìyànjú láti máa gbé inú ilé náà nìṣó, kò ṣeé ṣe. Ọkùnrin kan tó máa ń ná ọjà Togo sọ fún mi pé kẹ̀kẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀, àti pé èdè Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ kò jìnnà sí tiwa. Mo di ẹrù mi.

Baba àgbẹ̀ kan gbà mí sílé ní Glei. Iṣu àti òwú ló ń gbìn, ṣọ́ọ̀ṣì àgùdà ló sì ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Òun náà kì í sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì lè jẹun tán láìsọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin ọkùnrin méjì yìí," a ní, "bí ilé bá ń jó, ta ni yóò ké?"

Iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí n kò ní ni ìwé. Lọ́jọ́ ọjà kan mo ń lọ sí Anié láti ra sípóòkù kẹ̀kẹ́, àwọn jándámù, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ títì, dá ọkọ̀ wa dúró. Wọ́n béèrè ìwé lọ́wọ́ mi. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà nìkan ni mo ní, òun ni mo fà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi han ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú mi jókòó sínú oòrùn títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọ̀gá wọn wá dúró tì mí.

"Bí oṣù yìí bá parí, tí a tún rí ọ láìníwèé," ni ó wí, "ẹnu ààlà la ó gbé ọ dé. Wàá máa lọ sí ilẹ̀ yín."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí oṣù parí.

Dírẹ́bà tí mò ń sọ yìí ló gbé mi padà lọ́jọ́ náà. Ọmọ Ifẹ̀ ti Togo ni, ọkọ̀ Pijó kan tó ti gbó ló fi ń kó èrò láàárín Glei àti Anié, èmi ni mo sì ń tún kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe. Àwọn ọdún yẹn ni ìjọba ní kí olúkúlùkù yọ orúkọ ìrìbọmi kúrò nínú ìwé rẹ̀, ilé ẹjọ́ Atakpamé sì kún fún àwọn tó ń pààrọ̀ ìwé. Bí mo ṣe ń lẹ táyà lẹ́yìn tí a dé Glei, ó ní ẹni tí kò bá ní ìwé ìbí á mú ẹlẹ́rìí méjì lọ síwájú adájọ́, wọ́n á búra pé ibi báyìí la bí i sí, ní ìgbà báyìí, adájọ́ á sì kọ ìwé náà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, Glei ni wọ́n bí yín sí."

"Ta ló bí mi?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Bàbá olówó lẹ fẹ́ ni, àbí bàbá arẹwà?"

N kò rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni kí n pe ara mi. Ó ní mẹ́rìndínlógójì, nítorí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ń gba òṣìṣẹ́ lẹ́bàá Atakpamé, wọn kò sì gba ẹni tó bá ti pé ogójì. Bí mo bá rí ìwé náà, àwọn jándámù á fi mí sílẹ̀, màá sì rí iṣẹ́ olóṣù.

"Èmi ti pé méjìdínlógójì," ni ó wí, ó sì fọwọ́ lu itan. "Ẹ ti di àbúrò mi nìyẹn. Láti òní lọ, ẹ̀yin lẹ ó máa bá mi gbé báàgì."

Ó ní kí n fá irùngbọ̀n mi, nítorí ó ti ń hewú. Mo fá a kanlẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Baba rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó pàtẹ́wọ́.

"Háà! Ọmọ ta nìyí? Ìyá rẹ ò mọ̀ pé o jáde?"

Ẹlẹ́rìí kejì ṣì kù. Mo lọ bá Baba, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ohunkóhun pamọ́. Àpò òwú ló ń di lẹ́nu. Ó di í tán, ó tún okùn náà fà kó le.

"Màá bá ọ lọ," ni ó wí.

Mo gbà pé ó ti gbà. Nítorí pé èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo rò pé mo mọ ohun tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a lọ, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù nínú oṣù náà. Dírẹ́bà ń kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà: orúkọ bàbá mi, orúkọ ìyá mi, oko tí wọ́n ti bí mi. Mò ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e bí ọmọ iléèwé. Baba ń wo ìta láti ojú fèrèsé, kò dá sí wa.

Ilé ẹjọ́ kún dé ẹnu ọ̀nà. Ará etíkun ni adájọ́, Faransé ló ń sọ, ògbufọ̀ kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, a lọ síwájú. Bẹ́ǹṣì kan ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ti jókòó lé e. Baba rí àyè, dírẹ́bà fún ara rẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ǹṣì sì kún. Mo dúró.

Wọ́n kọ́kọ́ pe dírẹ́bà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó búra. Ó ní àbúrò òun ni mí, pé ọdún méjì ni òun fi jù mí, pé a jọ máa ń jí máńgòrò ká ni. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́.

"Èmi gan-an ni mo máa ń pọ̀n ọ́n," ni ó wí.

"Ọmọ ọdún méjì ló pọ̀n ọ́n?" ni adájọ́ béèrè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀ ni, ọ̀gá."

Adájọ́ ní kó lọ jókòó. Ó padà síbi bẹ́ǹṣì. Ó kù díẹ̀ kó jókòó ló rí mi tí mo ṣì wà lórí ìdúró. Kò rò ó rárá. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu orí bẹ́ǹṣì, ó fà sẹ́yìn, ó tẹ̀ba díẹ̀, ó sì nawọ́ sí àyè náà fún mi. Èmi náà kò rò ó. Mo jókòó.

Mo ti jókòó tán kí n tó mọ̀ pé gbogbo ilé ti pa rọ́rọ́.

Adájọ́ gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ tí o pọ̀n ọ́n, kí ló dé tí ò ń nu àga fún àbúrò rẹ?"

"Ara rẹ̀ ni kò yá, ọ̀gá."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ọ̀tún," ni ó wí. Ọwọ́ mi ti wà lórí orúnkún òsì.

Ẹ̀rín bú sáyé. Ògbufọ̀ pàápàá fi ìwé bojú. Adájọ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí Baba.

Baba dìde, ó gbé ọwọ́ sókè, ó búra. Adájọ́ ní kó sọ ibi tí wọ́n bí mi sí. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Bí ó bá sọ pé Glei ni, bóyá adájọ́ á gbà á gbọ́ nítorí orí ewú rẹ̀, bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, tèmi ti tán.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Mi ò sí níbẹ̀."

"Kí wá lo mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Ọjọ́ tó dé. A ń kó òwú lọ sétí títì. Ó béèrè omi. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni."

Adájọ́ ya ìwé ìbí tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fún mi sí méjì. Ó ní ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá búra èké, pé bí òun bá tún rí wa, a ó mọ̀. Wọ́n mú dírẹ́bà wọ yàrá kan lẹ́yìn, wọ́n sì tì í mọ́bẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi àti Baba dúró dè é lábẹ́ igi níta. N kò wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí dírẹ́bà jáde, Baba ló dojú kọ.

"Baba, ẹ ti pa wá!"

"Ta ló fi fìlà nu àga?" ni Baba bi í.

Dírẹ́bà wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n náà sì jókòó! Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ jókòó?"

Láti ọmọ ogún ọdún ni àwọn tí mo jù ti ń dìde fún mi. Bí wọ́n bá dìde, mo ń jókòó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ń kó àwọn sípánà mi sínú àpò. Ìyàwó Baba rí mi, ó sì ké sí ọkọ rẹ̀ pé mò ń di ẹrù. Baba wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Níbo?"

"Ilé."

"Ta ló wà nílé?"

Mo ń kó sípánà lọ.

"Ẹ ní ẹ ó bá mi lọ, Baba."

"Mo bá ọ lọ."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ìwé mi."

"Mo gbé ọwọ́ sókè, mo pe Ọlọ́run," ni ó wí. "Kí ni kí n tún sọ?" Ó wo àpò mi. "Ohun tí n kò rí lo ní kí n jẹ́rìí sí. O kò bi mí léèrè ohun tí mo rí. Wọ aṣọ."

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn àjèjì la lọ, ní Atakpamé kan náà. Láàárín gbogbo oṣù náà n kò ronú kàn án, nítorí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ ti gbà pé àjèjì ni òun. Ọ̀gá kan tó fi gíláàsì sójú ń béèrè, ó ń kọ. Ìlú wo? Mo dárúkọ ìlú mi. Ọdún mélòó? Mo ní márùndínláàádọ́ta. Bó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo mọ̀ pé ti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti tán. Iṣẹ́ wo? Mo ní kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe.

"Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó ti kú."

Baba yíjú sí mi. Ọdún kan ni mo ti ń jẹun nílé rẹ̀, n kò sọ fún un rí.

Ọ̀gá náà ní ìwé ìgbélùú kò lè jáde bí ọmọ ìlú kan kò bá dúró fún mi. Kí ó tó sọ ọ́ tán, Baba ti ń wá ibi tí wọ́n gbé yíǹkì sí. Ó ki àtàǹpàkò rẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Ẹ ní sùúrù, Baba," ni ọ̀gá náà wí. "Bí ó bá jalè ńkọ́?"

"Ẹ wá bá mi."

"Bí ó bá jẹ gbèsè ńkọ́?"

"Ẹ wá bá mi."

"Ó dáa. Títí dìgbà wo lẹ ń dúró fún un?"

Àtàǹpàkò Baba wà lókè, yíǹkì ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. "Ṣé ó sọ fún yín pé òun ń lọ ni?"

Ọ̀gá náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kọjú sí mi. "Ṣé ò ń lọ?"

Àpò mi ṣì wà ní dídì nílé. Mo ronú kàn án. Àwọn méjèèjì ń wò mí.

"Mi ò lọ," ni mo wí.

Baba tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sórí ìwé náà. Ọ̀gá tẹ òǹtẹ̀ tì í. Ó ní ọdún kan ni, pé bí ó bá tán kí àwa méjèèjì tún padà wá.