Ọdún Méjì Tí Bàbá Fi Kún Ọjọ́ Orí Akínbọ́lá

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Akínbọ́lá ti fi ṣe rẹfirí họ́kì orí yìnyín ní àgbègbè Manchester kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn fi ń jẹun. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìwòsàn ló máa ń wà, tí ó ń ti àwọn aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì láti wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní Sátidé àti Sunday, á wọ ẹ̀wù onílà dúdú àti funfun, á sì so bàtà onírin tí wọ́n fi ń sáré lórí yìnyín mọ́ ẹsẹ̀. Àwọn ará ìjọ rẹ̀ kò mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé kì í sábà wá sí ìsìn, wọ́n sì ń gbàdúrà fún un nítorí rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló mú un dé orí yìnyín. Pa Ẹ̀hìndé ti ṣe tíṣà ní Ìlaròó kí òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì tó kó wá sí àdúgbò Moss Side ní Manchester ní ọdún 2000. Iṣẹ́ tó rí ni títọ́jú pápá yìnyín kan: ó ń gbálẹ̀ láàárín àwọn àga, ó ń nu tábìlì, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn aráàlú. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òwúrọ̀, nítorí náà ó máa ń mú ọmọkùnrin rẹ̀ dání lásìkò ìsinmi ilé ìwé. Ọmọ náà á wọ bàtà onírin tí wọ́n ń yá àwọn oníbàárà, á di ògiri mú, á máa wọ́ ẹsẹ̀. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti lè sáré sẹ́yìn láìwẹ̀yìn.

Ó fẹ́ gbá họ́kì. Ibẹ̀ ni ọjọ́ orí inú ìwé ti kọ́kọ́ bá a jà.

Nígbà tó wà ní kékeré ní Ìlaròó, ọmọ gbọ́dọ̀ pé mẹ́fà kó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmì tí wọ́n sì fi ń mọ̀ ni kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba orí kọjá kó kan etí òsì. Mẹ́rin péré ni Akínbọ́lá, kò sì sí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Bàbá rẹ̀ rọra tẹ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí ìka fi kan etí, ó sì kọ 1987 sílẹ̀ dípò 1989. Láti inú rẹ́jísítà yẹn ni ọdún náà ti wọ ìwé ìbúra ọjọ́ orí ní kóòtù, ó wọ pásípọ́ọ̀tù, ó sì wọ fọ́ọ̀mù tí gbogbo ilé fi di ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Pa Ẹ̀hìndé máa ń sọ ìtàn náà bí àwàdà. Ó sọ ọ́ nínú máìkì níbi ìgbéyàwó Fúnmi, àbúrò Akínbọ́lá, tí ó ń fi orí ara rẹ̀ ṣàpèjúwe, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lórí yìnyín, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ń kó pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún tí irùngbọ̀n ti ń hù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, kóòṣì rẹ̀ sọ fún un pé, “O mọ òfin eré yìí ju gbogbo wa lọ, ara rẹ ni kò gbà á. Gba fèrè.”

Ó gba fèrè. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ àárín àwọn ọkùnrin méjì tó ń lu ara wọn láìjẹ ẹ̀ṣẹ́. Ohun tó fẹ́ràn jù ni ìgbà tí ẹnì kan bá ṣẹ̀, tí rẹfirí sì na apá rẹ̀ sókè láìfọn fèrè, tí yóò máa sáré tẹ̀lé eré títí ẹgbẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ yóò fi gba róbà dúdú tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, kó tó fọn fèrè. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìdájọ́ ń bọ̀. Obìnrin arúgbó kan wà tó máa ń jókòó sítòsí ẹnu ọ̀nà, tó ń pariwo pé, “Rẹfirí, ìyá rẹ mú awò ojú rẹ wá, ó wà lọ́wọ́ mi níbí.” Wọ́n ti pè é ní ohun mìíràn pẹ̀lú, èyí tí kò sọ nílé rí.

Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ tó ń darí ìdíje wọn kéde pé àwọn yóò gba rẹfirí méjì síṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù, wọn yóò sì kọ́ wọn fún ìdíje tó ga jù. Theresa, obìnrin tó ń pín rẹfirí sí eré ní apá àríwá, pè é lórí fóònù.

“Akin, orúkọ rẹ ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí wọn yóò mú kò gbọ́dọ̀ tíì pé márùndínlógójì ní oṣù kẹsàn-án.”

“Mi ò tíì pé e. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí.”

“Mẹ́rìndínlógójì ni mo rí níbí.”

Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ìtàn ọwọ́ àti etí fún un. Theresa náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́. Mú ìwé wá. Kí òbí rẹ búra níwájú sólísítọ̀, màá gbé e síwájú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ní.”

Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ó ku Pa Ẹ̀hìndé.

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, bàbá rẹ̀ ń mu tíì pẹ̀lú búrẹ́dì nínú pálọ̀. Akínbọ́lá dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé.

“Ọdún tí mo kọ ni ọdún tí a bí ọ,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ ọ́.”

“Àwàdà ni. Ṣé àwàdà lo fẹ́ gbé lọ bá Òyìnbó?”

“Níbi ìgbéyàwó Fúnmi ńkọ́?”

“Kí ni wọn kì í sọ níbi ìgbéyàwó? Mo sọ níbẹ̀ pé ọkọ Fúnmi rẹwà. Ìwọ náà ṣáà rí i.” Ó bu búrẹ́dì jẹ. “Àgbà ìjọ ni mí, Akínbọ́lá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ sí ọdún yẹn fún ìjọba. O wá fẹ́ kí n lọ búra pé mo purọ́.”

Akínbọ́lá pe Àbídèmí, mọ̀lẹ́bí wọn tó ṣì wà ní Ìlaròó. Àbídèmí lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ìgbà náà ti kú. Ikán ti jẹ ìwé ilé ìgbẹ̀bí. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn lè ṣe tuntun fún yín,” ni Àbídèmí wí. “Ọdún tó bá wù yín ni wọn yóò kọ.” Akínbọ́lá ní kó fi sílẹ̀.

Ó padà lọ sí Moss Side lẹ́ẹ̀kejì, bàbá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló ń sọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, inú ọkọ̀ ni, bí wọ́n ti ń ti ọjà Ashton bọ̀, lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kún. Akínbọ́lá kò wojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, mi ò ní béèrè mọ́ lẹ́yìn òní. Ọdún wo ni ẹ bí mi?”

Arúgbó náà fọwọ́ ra ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó ní,

“Mo mọ ọdún tí mo bí ọ. Mo mọ irú òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ìwé dání wá bi mí, ohun tó wà nínú ìwé ni màá sọ fún un. Ọmọ Fúnmi mẹ́ta ló jẹ́ ọmọ ìlú yìí nítorí pé ìyá wọn jẹ́ ọmọ ìlú yìí, ìyá wọn sì di ọmọ ìlú yìí nínú fọ́ọ̀mù tèmi. Mi ò mọ ibi tí wọn yóò fà á dé. Ìwọ mọ̀ ọ́n?”

Akínbọ́lá kò mọ̀ ọ́n. Sólísítọ̀ tó lọ bá kò fi í lọ́kàn balẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè ìdí tí wọ́n fi purọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Ó kọ ìwé ìbúra tirẹ̀, ojú ewé kan. Nígbà tó kà á, ó rí i pé kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí kò pe bàbá rẹ̀ ní òpùrọ́. Kò fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí Theresa dá fún un kọjá ní ọjọ́ Friday. Iṣẹ́ ló wà, ó ń ti bẹ́ẹ̀dì.

Ethan ni wọ́n mú dípò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Akínbọ́lá ló kọ́ ọ níbi tí rẹfirí ń dúró sí tí róbà kò fi ní bà á. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n pín àwọn méjèèjì sí eré kan náà: Ethan wọ báǹdì aláwọ̀ ọsàn tí ọ̀gá rẹfirí ń wọ̀ sí apá, Akínbọ́lá ń ṣọ́ ìlà fún un. Nínú yàrá ìmúra, Ethan ń tẹ̀lé e kiri.

“Àwọn kan ní ìwọ lo kọ̀ ọ́. Ṣé lóòótọ́ ni?”

“Ọjọ́ orí mi ti kọjá.”

“O ò jọ ọ́, ọ̀gá.”

“Ó wà nínú ìwé.”

Ó ṣe eré náà tán, ó tún ṣe mẹ́rin mìíràn. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, níbi tó ti tún ń ṣọ́ ìlà, ẹnì kan ṣẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an, apá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀ kó tó rántí pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó kọ̀wé sí Theresa pé kó má ṣe pín òun sí eré kankan mọ́. Theresa bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù di ìparí sáà. Akínbọ́lá kó bàtà onírin rẹ̀ fún ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan láti fi ran àwọn aláìní lọ́wọ́.

Nísinsìnyí ó máa ń lọ sí ìsìn ní gbogbo Sunday. Àwọn ará ìjọ dúpẹ́ fún àdúrà tó gbà. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, kì í pẹ́ kó tó lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, bàbá rẹ̀ pè é ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, bó ti máa ń pè é lọ́dọọdún. Ní àwọn ọdún tó ti kọjá, kì í dárúkọ iye ọdún. Lọ́jọ́ yìí, ó kọ orin kan, ó sì ní, “Akínbọ́lá ọmọ mi, o pé ọdún mẹ́tàdínlógójì lónìí.” Ó dúró, bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n bá òun jiyàn.

Akínbọ́lá ti wọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ló wí.

Arúgbó náà wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ọmọ rẹ̀ sì ń ṣe àmín.